Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Aláàánú Ìbàdàn Ṣe Ń Pawọ́ Pọ̀ Láìní Àpò Kan Náà

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá wá ìrànlọ́wọ́ dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláàánú ní Ìbàdàn sábà máa ń bi ara rẹ̀ bó bá jáde: bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, kí ló dé tí èyí tó wà ní Mọ́kọ́lá fi ní kí n lọ bá èyí tó wà ní Òkè-Àdó, tí ti Òkè-Àdó sì tún ní kí n kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá láti ilé ìwòsàn? Lójú ẹni tí ebi ń pa, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fi òun gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun tó ń dá ìrújú yìí sílẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àwọn tó bá ń pawọ́ pọ̀ ní láti ní àpò kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń ki ọwọ́ bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àpò tirẹ̀, àwọn tó sì fi owó sínú àpò náà ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ná an lé lórí kí wọ́n tó mú un wá. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ náà jọ ní ni orúkọ ẹni tó wà nínú ìṣòro, ẹ̀rí pé òótọ́ ni ìṣòro náà, àti mímọ ẹgbẹ́ tó lè ṣe apá tó ṣẹ́ kù. Orúkọ ló ń ti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, owó kì í sábà rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹnì kan lọ sí ibòmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ àjọṣe náà gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá rán an lọ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n kò bá rán an lọ bó ṣe yẹ, ìyẹn ni ohun tí mo fẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Àwọn wo ni a ń sọ̀rọ̀ nípa wọn?

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Ìbàdàn kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn mọ́sáláṣí ńlá ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó sàká àti sàárà. Àwọn ìjọ Kátólíìkì ní Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́, èyí tí Frederic Ozanam àti àwọn ọ̀dọ́ akẹ́gbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú Paris ní ọdún 1833. Ohun tí a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yìí títí dòní ni pé méjì méjì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń lọ bẹ aláìní wò nínú ilé rẹ̀. Àwọn ìjọ yòókù náà ní ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ tiwọn. Rotary àti Lions jẹ́ ẹgbẹ́ àgbáyé tó ní ẹ̀ka nílùú yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ girama wà, tí wọ́n ń ran ilé ẹ̀kọ́ wọn àtijọ́ lọ́wọ́. Red Cross ti Nàìjíríà wà, tí òfin ọdún 1960 gbé dìde. Àwọn kíláàbù ọmọ bíbí Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì wà lábẹ́ CCII, ìyẹn ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn ọmọ bíbí Ìbàdàn. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni àwọn fáúńdéṣọ̀n kéékèèké wá kù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, tí ọ́fíìsì wọn sì lè jẹ́ yàrá kan nínú ilé ẹni tó dá a sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré irú àwọn wọ̀nyí, nítorí àwọn ló sábà máa ń mọ orúkọ gbogbo ojúlé tó wà ní àdúgbò wọn.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí òfin mọ òun gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní abẹ́ Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020 tó de irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí ohun-ìní ẹgbẹ́ náà yóò wà ní ìkáwọ́ wọn sílẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ náà máa ń bèèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, láti dènà fífọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́, kí ó tó ṣí àkáǹtì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré tí kò tíì la ètò yìí kọjá kò lè rí owó gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tàbí àjọ ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà ó máa ń wá ẹgbẹ́ mìíràn tó ti forúkọ sílẹ̀ pé kó bá òun gba owó náà, kó sì máa san án jáde bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ọ̀nà kan tí owó gbà ń rìn láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ nìyí, àdéhùn kíkọ sílẹ̀ ló sì yẹ kó máa lọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí bí owó náà bá ṣòfò, orúkọ ẹgbẹ́ tó ni àkáǹtì ni yóò bàjẹ́.

Ibi tí owó ti wá ló ń pinnu ibi tó ń lọ

Apá yìí ló máa ń ṣòro jù lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà, nítorí náà mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí sàká. Mùsùlùmí tí ohun-ìní rẹ̀ bá tó ìwọ̀n tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, tó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Ẹsẹ 60 nínú sùúrà kẹsàn-án Àlùkùráánì ti to irú ènìyàn mẹ́jọ tí a lè ná sàká fún lẹ́sẹẹsẹ: tálákà àti aláìní ló ṣáájú, onígbèsè sì wà lára wọn. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí fi lè san gbèsè ilé ìwòsàn fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e láti inú àpò sàká, ṣùgbọ́n tí wọn kò kàn lè mú owó náà fi tún òrùlé mọ́sáláṣí ṣe, àní bí òrùlé náà bá tilẹ̀ ń jò. Sàárà ní tirẹ̀ kò há tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè dé ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Bí onígbàgbọ́ kan bá tọ ìgbìmọ̀ náà lọ, ọ̀rọ̀ tí yóò wáyé láàárín wọn sábà máa ń jẹ́ àpò tí ìrànlọ́wọ́ náà yóò ti jáde, ju bóyá kí a ràn án lọ́wọ́ lọ. Nínú ìlú tí ẹ̀gbọ́n ti lè máa lọ sí mọ́sáláṣí kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti inú agboolé kan náà, ó ṣòro kí ó rí lọ́nà mìíràn.

Ẹ wá wo Rotary. Owó ìrànwọ́ ńlá tí Rotary Foundation máa ń fún iṣẹ́ tí kíláàbù orílẹ̀-èdè méjì bá jọ dáwọ́ lé kì í wà fún iṣẹ́ tí àpapọ̀ owó rẹ̀ kò bá tó 30,000 dọ́là Amẹ́ríkà, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí abẹ́ àwọn àkòrí tí Rotary ti yàn, bí omi, ìlera ìyá àti ọmọ, àti ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá rí i tí kíláàbù kan ṣí ẹ̀rọ omi tó gba owó ńlá ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà lè bínú pé àwọn kan náà ló sọ pé àwọn kò ní ₦50,000 láti fi san owó oògùn òun. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Owó ẹ̀rọ omi kò ṣeé yí padà sí owó oògùn. Ohun tí wọ́n lè fi san owó oògùn ni èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá láàárín ara wọn, ìyẹn sì lè ti tán.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kò gba àlàyé púpọ̀: ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ni wọ́n dá owó fún. Bí ọmọ náà bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, kí a má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Bí a bá wá to gbogbo àpò wọ̀nyí tì í ara wọn, a ó rí i pé ìṣòro ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà wọ inú àpò kan tán. Gbèsè ilé ìwòsàn wà fún ẹni kan láti san, oúnjẹ wà fún òmíràn, owó ilé ẹ̀kọ́ wà fún ẹlòmíràn. Ìpawọ́pọ̀ náà ni pé kí ẹnì kan jókòó, kó pín ìṣòro náà sí wẹ́wẹ́, kó sì mọ ẹnu ọ̀nà tí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà wọlé.

Bí ọ̀ràn kan ṣe ń rìn

Kí ọ̀rọ̀ náà má ba à dà bí ohun àfẹnusọ lásán, ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ọ̀ràn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, iye owó inú rẹ̀ náà sì wà fún àlàyé nìkan. Obìnrin kan ń din àkàrà ní Ọjẹ́. Ọ̀kadà gbá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Bẹẹrẹ nígbà tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, egungun itan ọmọ náà sì ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ìjọba, gbogbo owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦400,000. Ìyá ọmọ náà ti kó owó àjọ rẹ̀, ó fi èyí tí àwọn ẹbí dá kún un, ó sì san ₦90,000. Ó ku ₦310,000.

Ẹni tí ọ̀ràn yìí yóò kọ́kọ́ kàn kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú rárá. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ilé ìwòsàn ni. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní irú ọ́fíìsì yìí, títí kan UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, tó ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sunkún nínú ọgbà ilé ìwòsàn ni kò sì mọ̀ pé ó wà. Òṣìṣẹ́ náà yóò béèrè àwọn ìbéèrè tó lè dun ènìyàn. “Ìyá, ẹ má bínú o. Bàbá ọmọ ńkọ́? Ilé ta ni ẹ ń gbé? Ṣé ẹ ti pe àwọn ẹbí bàbá rẹ̀? Èló ni ẹ ń pa lóòjọ́ nídìí àkàrà?” Yóò tún béèrè ẹni tó lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà ní àdúgbò. Ní àárín ìlú, ó lè jẹ́ Mọ́gàjí agboolé wọn. Ní Àpáta tàbí Akóbọ̀, ó lè jẹ́ alága àwọn onílé. Gbogbo ìbéèrè yìí kì í ṣe ìtọpinpin lásán. Ìdáhùn wọn ni yóò di ìwé ojú kan tí gbogbo ẹgbẹ́ tó kù yóò kà, tí kò fi ní í sí ìdí fún wọn láti tún máa bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Òṣìṣẹ́ yìí yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn. Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí kan gbà láti san ₦150,000 nínú gbèsè náà láti inú àpò sàká. Fáúńdéṣọ̀n kan tó ń ṣètọ́jú àwọn ọmọdé gbà láti san ₦80,000. Ẹgbẹ́ Vincent de Paul ní àwọn yóò san ₦40,000. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun yóò dárí ₦40,000 tó kù jì í. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí èyí tó fi kọ́bọ̀ lé obìnrin náà lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹgbẹ́ kejì. Àkáǹtì ilé ìwòsàn ni kálukú ń san án sí, tí wọ́n sì ń gba rìsíìtì.

Ìṣòro kan wà níbí tí àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà kì í rí. Kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ́kọ́ san owó, nítorí bí èyí tó kù kò bá pé, owó tí a ti san kò tú aláìsàn sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ojoojúmọ́ tó sì ń lò lórí ibùsùn ń fi kún gbèsè. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń kó ìlérí jọ ná, kó tó sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n san án ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ẹbí pé “owó ti pé, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀,” ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn.

Bí ọmọ náà bá délé, ọ̀ràn náà kò tíì parí. Ìyá rẹ̀ yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní í sí lẹ́nu iṣẹ́, owó tó fi ń ra ẹ̀wà àti òróró sì ti wọlé ìwòsàn. Ibí yìí ni àwọn méjì tó wá bẹ̀ ẹ́ wò láti inú ìjọ Kátólíìkì yóò ti rí ohun tí ìwé ilé ìwòsàn kò sọ: pé àwọn ọmọ mìíràn wà nílé, pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹun. Wọn yóò gbé ìrẹsì, gàrí àti epo wá, wọn yóò sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó máa ń ra ọjà fún ẹni tó fẹ́ padà sẹ́nu òwò. Òróró àti ẹ̀wà ni wọn yóò gbé fún un, wọn kì í sábà fún ènìyàn ní owó. Àwọn kan máa ń sọ pé àbùkù ni kí a máa ra ọjà fún àgbàlagbà bí ẹni pé kò mọ owó ná. Èmi rí ìdí nínú ọ̀rọ̀ wọn, pàápàá fún ẹni tó ti ń ṣòwò fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé owó tó bá wọ ilé tí gbèsè ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ìwé orúkọ

Tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń pín oúnjẹ lákòókò Ràmàdáánì, Kérésìmesì tàbí nígbà tí ọjà wọ́n, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù lọ ni pé kí ènìyàn mẹ́wàá gba nǹkan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọgbọ̀n má rí nǹkan kan gbà. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí wọ́n fi ìwé orúkọ wọn wéra, ṣùgbọ́n kò rọrùn ní Ìbàdàn bí ó ṣe ń dún lẹ́nu. Obìnrin kan lè jẹ́ Ìyá Rámọ́tà nínú ìwé àdúgbò, kó jẹ́ Àlàájà Ṣìfáwù nínú ìwé mọ́sáláṣí, kó sì jẹ́ Ìyá Alákàrà nínú ìwé àwọn onílé. Orúkọ tó wà lára káàdì ìdìbò rẹ̀ lè tún yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò purọ́, bí àwọn ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n ni.

Nígbà tí ẹgbẹ́ méjì bá jókòó fi ìwé wéra, kì í ṣe orúkọ ni wọ́n máa ń wò jù. Nọ́ńbà fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà wọ́n á wo agboolé tàbí ojúlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni iye ọmọ. Ọ̀kan á máa kà á sókè, ìkejì á máa fi bírò fa ìlà. “Èyí tó wà ní ẹ̀yìn ọjà, tó ní ìbejì?” “Àwa ti fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá.” “Ó dáa, a ó fi ti wa fún ẹlòmíràn.” Èmi kò tíì rí ẹ̀rọ tó ṣe iṣẹ́ yìí dáa ju àgbàlagbà kan tó mọ àdúgbò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ tó ní ọ̀dọ́ nínú ti ń lo kọ̀ǹpútà.

Ó yẹ kí a fi ohun kan kún un. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ó sì kan ẹgbẹ́ aláàánú gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ilé ìfowópamọ́. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ kan gbé ìwé orúkọ àwọn aláìní, àìsàn wọn àti nọ́ńbà wọn sínú gúrúùpù WhatsApp tí ènìyàn igba wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n sọ fún olúwarẹ̀ pé àwọn fẹ́ fi ọ̀ràn rẹ̀ han ẹgbẹ́ kan pàtó, kí ó sì gbà, kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ẹni tó wá tọrọ oúnjẹ kò fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí àjálù bá ṣẹlẹ̀

Bí ètò yìí ṣe ń rìn máa ń yí padà nígbà tí ọ̀ràn bá kan ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí èyí. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 náà gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kínní ọdún 2024 ni ohun abúgbàù bú ní Bódìjà, tó wó ilé púpọ̀, tó sì fa ikú àti ìpalára.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ń ṣíwájú, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún Red Cross àti àwọn oníṣègùn sì ń ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ aláàánú ṣe ni kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìjọba ti gbà láti ṣe. Lẹ́yìn ìbúgbàù Bódìjà, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé ìjọba yóò san owó ìtọ́jú àwọn tó fara pa, yóò sì wá ibùgbé fún ìgbà díẹ̀ fún àwọn tí ilé wọn bàjẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá tún gbé owó lọ sí ilé ìwòsàn nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ ń gbé omi lọ sí odò. Àwọn nǹkan tó máa ń kù láìsí ẹni tó bójú tó o ni aṣọ, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, irinṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àti gbígba àwọn ìwé pàtàkì tó jóná padà.

Ewu kan tún wà nínú kíkó èrò jọ sójú kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbi àríyá àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣètò sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School ní Bàṣọ̀run. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Àbújá àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ kankan ní Ìbàdàn fi tún ní láti kéde lórí rédíò pé kí gbogbo ènìyàn wá gba ìrẹsì ní pápá kan. Bí ẹgbẹ́ márùn-ún bá pín àdúgbò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí ọ̀kan mú Fọ́kọ́, kí òmíràn mú Yemẹ́tù, kí òmíràn mú Odínjó, tí kálukú sì ń gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé, kò ní í sí fọ́tò èrò rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà yóò dé ọ̀dọ̀ arúgbó tí kò lè dúró lórí ìlà.

Mo dárúkọ fọ́tò, n kò sì fẹ́ fò ó. Àwọn tó ń fi owó sílẹ̀ máa ń béèrè ẹ̀rí, àwọn ẹgbẹ́ sì ti sọ ọ́ di àṣà láti mú ẹni tó gba àpò ìrẹsì kan dúró níwájú kámẹ́rà. Rìsíìtì ilé ìwòsàn jẹ́ ẹ̀rí, ìwé tí Mọ́gàjí fọwọ́ sí jẹ́ ẹ̀rí. Ojú ìyá arúgbó kò ní láti jẹ́ ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ tó bá sọ pé ẹni tí kò bá ya fọ́tò kò ní í gba nǹkan, ẹ lè kọ̀ fún un kí ẹ sì ní kó tọ́ka yín sí ẹlòmíràn.

Àléébù tó ń dun àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà jù lọ yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ nínú ìpawọ́pọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Orí fóònù ẹnì kan tàbí méjì ló wà: òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan tó mọ ìmáàmù, obìnrin kan nínú ìjọ tó mọ alága àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Bí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sí ìlú mìíràn, ohun tí ó gba ọdún mélòó kan láti kọ́ lè fọ́ ká láàárín oṣù kan. Àwọn ìpàdé àpapọ̀ tó ní àsíá, àga ńlá àti àlejò pàtàkì kò tíì wo àìsàn yìí sàn. Ìwé pélébé kan tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tí wọn kì í ṣe àti ẹni tí a lè pè sí, tí gbogbo wọn ní ẹ̀dà rẹ̀, ìbá wúlò jù ú lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wọlé

Ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ kò ní láti máa wá ẹgbẹ́ tó lówó jù kiri. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìṣòro náà wà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì wẹ́fíà ibẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n pa tì tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn obìnrin ni, nítorí òfin kò fún ẹgbẹ́ aláàánú láyè láti kàn mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí owó ilé, mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tó sún mọ́ ni jù lọ ni, bí ẹ kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìjọ wọn. Ẹ mú rìsíìtì ohun tí ẹ ti san àti nọ́ńbà ẹnì kan tó mọ̀ yín dání. Ẹ sì sọ ẹgbẹ́ mìíràn tí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí wọn yóò mọ̀ bó pẹ́ bó yá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí orúkọ yín tó wọ ìwé, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fún ni ní tirẹ̀ lè béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá yàn: ibo ni ẹ máa ń rán ẹni tí ẹ kò bá lè ràn lọ́wọ́ lọ? Ẹgbẹ́ tó bá lè dárúkọ ibi mẹ́ta láìronú ti ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ní gbogbo ènìyàn ni àwọn máa ń ràn lọ́wọ́, kí ẹ tún wádìí rẹ̀ dáadáa.

Ní ti kí wọ́n rán ènìyàn láti ibì kan sí ibòmíràn, ìyàtọ̀ tí mo ṣèlérí láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kàn ní “ẹ lọ gbìyànjú ní Òkè-Àdó,” wọn kò tíì rán yín. Ẹ béèrè fún ìwé tó ní orúkọ ẹni tí ẹ ń lọ bá, ohun tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ti rí, ohun tí wọ́n ti ṣe àti ohun tó kù, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó kọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà pa mọ́ sórí fóònù kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ìwé náà ni kí ẹ padà sí, kí ẹ má tíì lọ máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Òun ló ní nọ́ńbà tí yóò pè, òun náà sì ni ẹgbẹ́ kejì yóò dá lóhùn.